Bí Mo Ṣe Fẹ́ Kó Lọ sí Ẹ̀pẹ́ Nítorí Olè Tí Kò Wọ Bàtà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo gbéra nílé wa ní Ìkòròdú. Mo ti kírun àsùbáà, mo ti mu tíì gbígbóná, mo sì ti gbé báàgì kọ̀ǹpútà mi kọ́ èjìká. Ọkọ mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló máa ń tún ṣe ní etí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè nítorí ariwo tó ń bá ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ gbé.

Ó ní, "Ìyá Làtífá, má sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnikẹ́ni o. Tó bá bọ́ sí i, wọ́n á gbọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá kàn án, tẹ́ ẹ bi í pé ta ni, tó bá ní 'èmi ni', ẹ má ṣí i. Ẹ bi í pé ìwọ ta ni."

Ó ní òun ti gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí, ọdún mẹ́fà náà ló sì fi ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará ilé ní Ìwó, ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í dárúkọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á ní ta ni, àá ní èmi ni, ilẹ̀kùn á sì ṣí, bí ẹni pé olè kò lè pe ara rẹ̀ ní èmi.

Ìyàwó onílé wa ti ń gbálẹ̀ níta. Ó ní, "Ìyá Làtífá, ẹ kú ìdájí o. Ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí o, mà. Mò ń lọ síbì kan báyìí ni." Ó ní kí n máa lọ ire, kí n máa bọ̀ ire, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. "Ibì kan" ti tó o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń ka ìwé òyìnbó lórí bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́, n kò tíì rí èyí tó kọ́ni ju ìdáhùn yẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ gan-an. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́ àwọn olè orí ẹ̀rọ. Olè yìí kì í fo fẹ́ǹsì, kì í gbé àdá, kì í sì í wọ bàtà, nítorí kì í rìn. Ó lè wà lókè òkun, ó lè wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé wa. Etí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń jókòó sí tí mo fi ń lé e, àpò gààrì lọ́wọ́ ọ̀tún, fáànù lọ́wọ́ òsì. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lé olè, kò sí èyí tó bi mí rí pé níbo ni mo jókòó sí.

Àwọn ọ̀gá wa ló wá bèèrè. Wọ́n kọ́ ilé tuntun kan sí ẹ̀yìn Pọ̀kà, nítòsí Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ńlá sínú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tó bá máa jẹ́ Olórí Aṣọ́nà Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó lọ máa gbé níbẹ̀. Wọ́n ń pe èyí ní "rílokéṣọ̀n". Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ èdè ọ́fíìsì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn di ẹrù rẹ̀ lọ síbi tí kò ti mọ ẹni tó ń ta ata, kó sì dúpẹ́.

Rílokéṣọ̀n kì í ṣe nǹkan tuntun nídìí iṣẹ́ wa. Àwa mẹ́fà la jọ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ti wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan sì wà ní Lẹ́kí, tó ń hùwà bí ẹni pé òun náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá lọ, ipò rẹ̀ á ga sí i láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá jókòó, òun ni wọ́n á ní kó kọ́ ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní iṣẹ́. Èmi ni mo jókòó. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo ti kọ́ ọ̀gá mẹ́ta. Nígbà tí lẹ́tà wá dé pé kí n wá tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́ lágogo mọ́kànlá, àti pé bí n kò bá dé, ọmọkùnrin Lẹ́kí yẹn ló kàn, mo gbé lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹlòmíràn ń wá físà. Owó ọkọ̀ ni físà tèmi.

Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà ni ọkọ̀ Síẹ́nà gbà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Àwa méje la wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà, Ìsìá lorúkọ rẹ̀, ní ẹni kan ṣì lè fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi níwájú bó bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wo gbogbo ọ̀nà títí, kò rí tẹ́ẹ́rẹ́. Agogo mẹ́jọ la tó ṣí. Títí dé Àdàmọ̀, ọ̀nà náà kò burú. Lẹ́yìn ibẹ̀, ihò bẹ̀rẹ̀, Ìsìá sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àwọn ọmọ rẹ̀: èyí, á yà fún un; èyí, á rọra wọ̀ ọ́; èyí, á kí i tipátipá pẹ̀lú táyà.

Nígbà tí a sún mọ́ Ìmọ̀tà, ó yíjú sí mi. "Mádáámù, iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kí olè má wọ inú rẹ̀."

Ó rò ó títí a fi kọjá ihò méjì. "Ẹ̀yin wá lẹ̀ ń lé àwọn yàhúù nìyẹn."

"Àwọn náà wà lára wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ fóònù ìyàwó mi. Ẹnì kan ń kọ 'díà' sí i."

"N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò ni mò ń dí, n kì í gbẹ́ ẹ."

"Ṣebí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí i náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ?"

Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n sẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ní, "Dírẹ́bà, bi ìyàwó ẹ léèrè, kò gba kọ̀ǹpútà." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, Ìsìá náà rẹ́rìn-ín.

A dúró díẹ̀ ní Ìtóikin. Àwọn obìnrin to ẹja síwájú bí a ṣe ń to iṣu ní Ìwó. Òbòkún wà níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń mì, epìyà wà níbẹ̀ tó ń ṣí ẹnu pa ẹnu dé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹja tó bá dé ọjà ti rìnrìn àjò ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ, inú yìnyín ló sì ti wá. Níbí, ọmọ onílé ni. Mo ra àgbàdo sísun méjì pẹ̀lú àgbọn ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo sì jẹ ẹ́ tán kí a tó dé oríta Ẹ̀jìnrìn. Mò ń wo igbó àti oko ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń ronú ibi tí Làtífá máa ti lọ sílé ìwé. Ọkọ mi ti ní kò sí wàhálà, omi wà ní Ẹ̀pẹ́ náà, ẹ̀ńjìnnì sì ń bàjẹ́ nínú gbogbo omi.

Mo sọ̀ ní Pọ̀kà, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo fi dé iwájú ilé náà, agogo mẹ́wàá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ilé funfun gàgàrà ni, fẹ́ǹsì yí i ká, kò sí igi kan ṣoṣo níwájú rẹ̀ tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu géètì lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya. Fìlà rẹ̀ mọ́, ó so káàdì rẹ̀ mọ́ ọrùn. Bàbá Gàní ni wọ́n ń pè é.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú àbójútó. Ẹ kú oòrùn."

"O káre, ọmọ mi. Káàdì dà?"

"Lẹ́tà mi nìyí, sà. Wọ́n ní inú ilé ni n ó ti gba káàdì."

Ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ilẹ̀, ó dá a padà fún mi. "Lẹ́tà dáa. Àmọ́ káàdì ni wọ́n fi ń wọlé."

"Káàdì ọ̀hún wà nínú ilé, sà."

"Mo gbọ́. Tó o bá ti lọ mú un jáde, o lè fi wọlé."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, kò lọ. Ilé tó jẹ́ pé tìtorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́nu géètì rẹ̀. Bàbá ní bí mo bá rìn dé ìdí òpó iná kejì, ó máa ń wá níbẹ̀ nígbà míì. Mo lọ, kò wá. Mo padà, òógùn ti bò mí, agogo ti di mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Bàbá wò mí. "Ọmọ ibo ni ẹ́ nílé?"

"Ọmọ Ìwó ni mí, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwó kẹ̀? Ìwó ni mo ti kéwú nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko, nílé Àlùfáà Bùsàrí. Ṣé o mọ ilé wọn?"

Ẹ̀yin ará ilé, n kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àmọ́ mo wo aago. Mo ronú kan ọ̀gá mẹ́ta tí mo ti kọ́ níṣẹ́, mo sì ronú kan ọmọkùnrin Lẹ́kí. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ilé wa nìyẹn, sà. Bàbá tó bí bàbá mi ni wọ́n."

Bàbá Gàní dìde. Ó ṣí fìlà, ó ṣàdúrà fún gbogbo ìran mi, mo ń ṣe àmín. Ó ṣí géètì kékeré. Ó fi káàdì ọrùn ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kejì. Nígbà tí a dé ìkẹta, ó ní kí n fi èjìká tì í, pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó tilẹ̀ bá mi gbé báàgì.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wa jọ láti sọ fún wọn pé olè tó gbọ́n kì í fọ́ ilẹ̀kùn, ìtàn ni yóò pa fún ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Mo máa ń fi àwòrán hàn wọ́n. N kò rántí ẹ̀kọ́ yẹn rárá bí mo ṣe ń tẹ̀ lé bàbá. Ohun tí mo ń rò ni pé mo bá àkókò.

Ọ̀gá tó gbà mí lálejò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, súwẹ́tà ló wọ̀ nítorí inú ilé náà tutù bí ìdájí oyé. Ó sọ̀rọ̀ gan-an lórí bí Ẹ̀pẹ́ ṣe dára, bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe mọ́, àti bí ó ṣe yẹ kí aṣọ́nà máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń ṣọ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Apá ibo ní Ẹ̀pẹ́ lẹ̀ ń gbé?"

Ó ní, "Ìkòyí. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo máa ń wá. Àmọ́ ọkàn mi ti rílokéètì."

Ó gbé ìwé ipò náà síwájú mi. Orúkọ mi wà lókè, gàdàgbà gadagba. Kí n tó mú bírò, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. "Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ò rí yín. Báwo lẹ ṣe wọlé?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Mo kí bàbá ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé mìíràn yọ, òfìfo, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyí. Ẹ kọ ọ́ pé bàbá yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní káàdì. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sókè. Mo máa ní kó máa lọ sílé lónìí. Tẹ́ ẹ bá parí ìyẹn, ẹ wá tọwọ́ bọ èyí."

Ìwé méjì ló wà níwájú mi, bírò kan. Ẹ̀rù bà mí. Ó rọrùn láti kọ ọ́, òtítọ́ kúkú ni: bàbá ṣí ilẹ̀kùn, n kò ní káàdì. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀ àfi èyí tí n kò bá kọ. Mo jókòó títí òógùn ara mi fi gbẹ, òtútù sì mú mi. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ báyìí: "Olè wọlé lónìí. Èmi ni. Mo purọ́ pé mo jẹ́ ọmọ ilé ọ̀gá kéwú aṣọ́nà, ó sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn kẹta ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ẹni tó yẹ kó gba ìwé ẹ̀sùn ni èmi, àti ẹni tí kò tún ẹ̀rọ ṣe." Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló yẹ kó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó dìde lọ sídìí fèrèsé, ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń lọ, ó sì bá àwọn àgbà ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìpinnu tí wọ́n ṣe rèé. Ẹni tó tan aṣọ́nà jẹ kò lè di olórí aṣọ́nà, nítorí náà ọmọkùnrin Lẹ́kí ló gba ipò. Bàbá Gàní á gba ìkìlọ̀ lẹ́nu, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa jókòó sínú oòrùn yẹn. Èmi á máa bá iṣẹ́ mi lọ láti etí bẹ́ẹ̀dì mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bèèrè ìgbà tí olórí tuntun máa kó dé. Ọ̀gá ní wọ́n ti gbà kó ṣì máa ṣiṣẹ́ láti Lẹ́kí ná, títí ó fi máa rí ilé. Ó fi kún un pé kí n bá a ṣe ètò bí n ó ṣe kọ́ ọ ní iṣẹ́.

Báyìí ni rílokéṣọ̀n parí, tí ẹnikẹ́ni kò kó lọ síbì kankan.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá Gàní ń ṣí fúláàsì oúnjẹ. N kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. N kò mọ Àlùfáà Bùsàrí, n kò sì jẹ́ ọmọ ilé wọn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

"Àlùfáà mi ò bímọ kankan títí wọ́n fi lọ. Èmi wà lára àwọn tó sin wọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣí i, sà?"

Ó da oúnjẹ sínú ìdérí fúláàsì, ó tì í sọ́dọ̀ mi. "Irọ́ pọ̀ lẹ́nu géètì, ọmọ mi. Mo ka lẹ́tà ẹ, mo wo ojú ẹ. Irọ́ olè wà, irọ́ ẹni tí ojú ń pọ́n náà wà. Wọn ò jọra."

Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n jọra, pé ohun tí olè fẹ́ kó gbà gbọ́ gan-an nìyẹn, pé àwòrán rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ mi. Oúnjẹ ni mo gbà dípò rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú fúláàsì. Ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń sè pẹ̀lú epo, ata àti ẹja, kì í ṣe kí wọ́n gún un. Bàbá ní ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni òun, àwọn tí baba ńlá wọn bá ọba wọn wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ìyàwó òun jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, òun ló sì kọ́ òun ní ìkọ́kọrẹ́. Mo ní ṣé wọ́n ti padà sí Èkó rí láti ìgbà náà. Ó ní, "Ẹni tó bá ti mọ ẹni tó ń ta ata, kí ló tún fẹ́ padà lọ ṣe?"

Mo ra òbòkún gbígbẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́jà Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ Ìsìá náà ni mo sì tún bá lọ́nà ilé. Ó ní, "Mádáámù, ibi tẹ́ ẹ lọ yẹn, ṣé ó dáa?" Mo ní ó dáa. Mo sùn láti Ẹ̀jìnrìn títí dé Ìkòròdú, ihò kan kò jí mi.

Ìrun mọ̀gàríbì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Mo kàn án.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ohùn ọkọ mi wá dé, ó le koko. "Ìwọ ta ni?"

Ọdún mẹ́fà. Mo gbé ẹja kalẹ̀. Mo ní, "Èmi Sìkírá ni, ìyàwó yín. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti dé. Wọn ò fún mi nípò náà."

Ó ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ilé ti di ẹrù. Ó ti ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ti yọ kọ́tìnì, ó ti di ìkòkò sínú àpò, kódà aago ara ògiri kò sí níbẹ̀ mọ́. Làtífá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fi okùn dì, ó ń jẹ bísíkíìtì. Ọkọ mi wo ẹrù, ó wò mí, ó gbé ẹja nílẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ bi mí lórúkọ?"

Ó ní, "Mo rò pé o ti di olórí ni. Ọkọ olórí aṣọ́nà ò lè máa ṣílẹ̀kùn ṣákálá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò kan láti wá ìkòkò.

Ẹ̀yin ará ilé máa fẹ́ mọ ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi. Mo ṣì ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọn kò mọ̀, mo sì ti yọ àwòrán yẹn kúrò, ìtàn ara mi ni mò ń sọ fún wọn. Bàbá Gàní ṣe ohun tí kò yẹ kí aṣọ́nà ṣe. Bí kò bá sì ṣe é, n kò ní mọ irú ènìyàn tí mo lè jẹ́ bí agogo bá ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ra ata lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀. Nígbà tí mo padà, mo kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní, "Ta ni?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ṣí i, n kò sì bá a wí.